Sàúdátù Onígbàǹjo àti Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Mẹ́rìnlá

Áyọ́ọ̀nù ni Sàúdátù lọ rà, ohun èlò gọ́ọ̀fù ló gbé wálé.

Ọdún 1954 ni. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Ojúwòyè ní Mushin ló ti ń ta ẹrù gbàǹjo: àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì, àwo tanganran tó ti ṣẹ́ létí, kọ́tìnnì, àti àwòrán ajá tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Tí òyìnbó bá ń padà sí ìlú rẹ̀, kì í kó gbogbo ẹrù lọ. Wọ́n á kó ìyókù jọ, onígbàǹjo á fi òòlù lu tábìlì, ẹni tó bá dá iye tó ga jù lọ á gbé e lọ. Sàúdátù mọ gbogbo ilé gbàǹjo láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta dé Àpápá. Kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ọjà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, onígbàǹjo kígbe pé áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ ń bẹ nílẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, ni Sàúdátù bá nawọ́ sókè kí ẹlòmíràn tó mí. Àwọn alágbàfọ̀ Mushin ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún áyọ́ọ̀nù láti bí oṣù mélòó kan. Ó tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé òyìnbó yìí mà mọ́ tónítóní o, ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ lọ aṣọ, tó tún wá báàgì fún wọn.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, irin gígùn-gígùn ló bá nínú báàgì, orí kálukú tẹ̀ kọ́rọ́ bí orí ẹni tí oorun ń kùn.

"Kí ni wọ́n ń fi èyí lọ̀?" ló bi ẹni tó gbé e fún un. "Ṣòkòtò àǹjọ̀nnú?"

Gbàǹjo kì í gba ọjà padà. Ó gbé e dé Mushin, ó fi kọ́ sára ògiri ìsọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ra ọ̀kan láti fi já máńgòrò. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ejò wà lẹ́yìn ilé òun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá ṣe tán, bí kì í bá ṣe pé Yẹ̀kínnì yà sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.

Yẹ̀kínnì ni àbúrò Sàúdátù. Báìsíkù ló ń tún ṣe ní Ìdí-Òro, ṣùgbọ́n kó tó kọ́ iṣẹ́ yẹn, ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi gbé báàgì tẹ̀lé àwọn òyìnbó ní pápá gọ́ọ̀fù Ìkòyí. Ó wo ara ògiri, ó ya ẹnu.

"Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Mo fẹ́ fi já máńgòrò. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan kalẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá gbá a, wọ́n á rìn lọ bá a, wọ́n á tún gbá a, títí á fi kó sínú ihò. Ẹni tó bá gbá a ní ìwọ̀nba ìgbà ló gbayì jù.

"Ihò náà ńkọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí."

"Wọ́n á wá ṣe kí ni?"

"Wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á lọ sí ihò mìíràn. Méjìdínlógún ni."

Sàúdátù pòṣé. Síbẹ̀ kì í ta ohun tí kò bá mọ ìwúlò rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ni Yẹ̀kínnì fi jókòó tì í lẹ́yìn ìrun, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ilé-kéwú. Ọ̀pá onírin ni òyìnbó ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ga, ọ̀nà jíjìn ló ń lọ. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀, ojú rẹ̀ á ṣí sókè bí ojú ẹni tó ń wo òrùlé. Bọ́ọ̀lù á gòkè lọ, kò ní jìnnà, ibi tó bá sì bọ́ sí náà ni yóò jókòó sí. Pọ́tà ni wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò tó bá ti sún mọ́ ọn. Àwọn onígi, tí orí wọn tóbi bí gìgísẹ̀ bàtà, ni wọ́n fi ń gbá a lọ sókèèrè, ọ̀gá wọn sì ni èyí tí òyìnbó ń pè ní dẹ́rẹ́bà.

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò. Kó gbọn orí onígi sí etí; tó bá ń dún wóró-wóró, àtè inú rẹ̀ ti kú. Kó di ojú kan, kó fi ojú kejì wo ọ̀pá náà bí ẹni ń wo ìbọn. Tó bá ti wọ́, kó fi í sílẹ̀. Tí irin bá dógùn-ún díẹ̀, kì í ṣe nǹkan, yanrìn àti kẹrosíìnì ń bẹ. Awọ tí wọ́n wé mọ́ ibi ìdìmú ni kó wò dáadáa, torí tó bá ti ń yọ̀ bí ilá, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló máa fò lọ.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n gbá?" ni Sàúdátù bi í.

"Wọn ò jẹ́ kí n gbá ẹyọ kan lórí pápá yẹn. Ẹ̀yìn ilé ní Ìwáyà ni mo ti máa ń fi ẹ̀ka gúáfà gbá òkúta."

"Ọdún mọ́kànlá?"

"Ọdún mọ́kànlá, Àǹtí."

Sàúdátù ṣẹ́ èpè kan tí n kò lè kọ síbí.

Ó ta àwọn mẹ́jọ yẹn, ó tún lọ wá òmíràn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1957, tí àwọn ọmọ wa ti ń bọ́ sórí àga tí òyìnbó ń dìde kúrò lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti kàn: ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù, kó lọ bá Ìyá Onígọ́ọ̀fù ní Mushin. Kò tẹ pápá gọ́ọ̀fù rí. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìyẹn ò ní kó má bú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Theophilus Ọlápàdé ṣe dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú kóòtù, pẹ̀lú tàì. Ará Ìjẹ̀bú ni, Yaba ló ń gbé, ọ́fíìsì ìjọba kan ló ti ń ṣe akọ̀wé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ga. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí tàtàṣé, ti bi í pé ṣé ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá ní làákàyè á ní rárá. Theophilus ní, "Yẹ́sà." Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ló gbà jáde. Ni ọ̀gá bá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ òun kan ní pápá kékeré oníhò mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Wọ́n ní ẹ ń ta ohun èlò gọ́ọ̀fù."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá akọ̀wé. Ta ló fẹ́ gbá a?"

"Èmi ni."

"Ẹ dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí n wò yín." Ó yí i po bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá. "Ẹ ò ga, ẹ ò sì kúrú. Ikùn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ọwọ́ yín gùn bí ti ọ̀bọ, ìyẹn dáa."

Ó já ọ̀pá márùn-ún kúrò lára ògiri: onígi kan tí ojú rẹ̀ ṣí sókè díẹ̀, onírin nọ́ńbà márùn-ún, nọ́ńbà méje àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti pọ́tà. Ó ní kó di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó má nà tàntàn bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìdí ọ̀pá má sì gún un níkùn.

Theophilus fa ìwé kan yọ lápò. Àwòrán òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ńlá. "Ìyá, mẹ́rìnlá ló wà níbí."

"Ẹni tó wà nínú ìwé yẹn ti ń gbá a kí bàbá yín tó fẹ́ ìyá yín. Tí ẹ bá kó mẹ́rìnlá lọ, tí bọ́ọ̀lù kọ̀ tí kò lọ, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣẹ̀ yín nínú wọn."

"Dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Kò sí dẹ́rẹ́bà nínú àwọn tí ẹ kó fún mi."

"Ẹ ò tíì mọ ọkọ̀ wọ̀, ẹ ń wá dẹ́rẹ́bà. Ojú rẹ̀ le, apá rẹ̀ gùn. Inú gọ́tà ni yóò gbé yín lọ tààrà."

Theophilus wo awọ tó ti gbó lára ọ̀pá wọ̀nyẹn, ó wo irin tí kò dán, inú bí i. "Ẹ̀yin tí ẹ ò tẹ pápá rí, ẹ̀yin ló fẹ́ máa kọ́ mi?"

"N ò tẹ̀ ẹ́ rí lóòótọ́," ni Sàúdátù wí. "Ẹni tó ń ta pósí náà kò kú rí."

Theophilus yí padà, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó lọ sí gbàǹjo ní Àpápá fúnra rẹ̀, ó sì ra ọ̀pá mẹ́rìnlá nínú báàgì aláwọ pupa, tí gbogbo wọn ń dán bí abọ́ ìyàwó. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún. Ó ra bàtà oníṣòó, ó wọ̀ ọ́ rìn yí pálọ̀ ká kó lè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì dá ihò sí rọ́bà tuntun tí Mabel ìyàwó rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Mabel kà á dé àádọ́rin ihò, ó jókòó, ó sunkún.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Surulere ló ń lọ, níbi tí kátàpílà ti ń fi yanrìn di irà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Ilẹ̀ náà tẹ́jú lọ, kò sí ẹni tó máa rí i àfi àwọn lébìrà tó ń kó ṣọ́bìrì wọn jọ. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, ó dúró. Ó tún un gbá. Ó gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe báyìí. Àwọn lébìrà kì í tètè lọ sílé mọ́. Wọ́n á jókòó sórí yanrìn, wọ́n á ra ẹ̀pà, wọ́n á máa wo akọ̀wé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Mabel gbé báàgì pupa sí bọ́ọ̀tù tasí, ó ti ọkọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn, ó di Mushin.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ gbà mí," ló wí. "Ọkọ mi ò jẹun mọ́. Tó bá jókòó ti oúnjẹ, ṣíbí ló ń fi gbá a."

Yẹ̀kínnì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fa ọ̀pá kan yọ nínú báàgì, ó wo orí rẹ̀. Ó fa òmíràn. Lẹ́yìn náà ó wo Theophilus tìfura-tìfura.

"Ọ̀gá, ibo ní ara rẹ̀ lẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Theophilus fi hàn án. "Ibi tí wọ́n kọ̀wé sí. Ibi tí wọ́n bá kọ̀wé sí kọ́ ni iwájú?"

Yẹ̀kínnì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá. Ojú rẹ̀ rèé. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Ọlọ́wọ́ òsì ló ni gbogbo báàgì yìí."

"Ọlọ́wọ́ òsì?" Sàúdátù dìde lórí àpótí. "Háà! Ẹ kó ọwọ́ òsì mẹ́rìnlá jọ, ẹ fẹ́ lọ fi kí ọ̀gá yín!"

Mabel gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe fún un. Theophilus sọ orí kọ́, ó sì rí bí ẹni tí yóò sunkún lóòótọ́. "Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀lẹ̀, "mo purọ́ fún ọkùnrin yẹn. Tí ó bá rí i pé mo purọ́ lórí eré, kí ni yóò gbà gbọ́ nínú fáìlì tí mo bá kọ?"

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí wọ Sàúdátù lára, torí kò bú u mọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kó gbé báàgì pupa kalẹ̀, ó kó ọ̀pá márùn-ún ìjọ́sí fún un, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kò pàdánù níbẹ̀. Ó mọ dókítà eléyín kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ òsì yọ eyín. Ó sì fi Yẹ̀kínnì kún un, pé kó tẹ̀lé akọ̀wé lọ sí orí yanrìn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà tó kù.

Òun náà tẹ̀lé wọn pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Yẹ̀kínnì ń kọ́ni jẹ́jẹ́: kí akọ̀wé ṣí ẹsẹ̀ tó fífẹ̀ èjìká, kó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù, kó má gbé orí sókè láti wo ibi tó ń lọ kó tó gbá a tán, onírin nọ́ńbà méje nìkan ni kó kọ́kọ́ fi máa gbá. Sàúdátù ń kọ́ni bí ó ṣe ń tajà.

"Kí lẹ ń fún lọ́rùn báyẹn? Ọ̀pá ni, kì í ṣe olè! Ẹ dì í mú bí ẹni di ọmọ adìẹ mú. Kó má kú, kó má sì bọ́."

"Ìyá, mo fẹ́ kó jìnnà ni."

"Ta ló ń lé e? Ẹ rọra gbá a, ẹ jẹ́ kí irin ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Orí! Ẹ ti tún gbé orí sókè! Ẹ̀ ń wo ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ síbì kankan."

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, Theophilus fa ọ̀pá sẹ́yìn lọ́nà tí kò le, bí ẹni tí ó ti sú. Ó dún "tó!" Bọ́ọ̀lù gbéra nílẹ̀, ó gòkè, ó gba orí kátàpílà kọjá, ó lọ bọ́ sí ọ̀nà jíjìn lórí yanrìn. Àwọn lébìrà kígbe bí ìgbà tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé. Theophilus dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, ọ̀pá ṣì wà lórí èjìká rẹ̀.

"Ṣé èmi ni?" ló bi Yẹ̀kínnì.

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

Wọ́n ní kó tún un gbá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbá.

Nígbà tí Sátidé pé, Mabel ní òun ò ní jókòó sáàárín ìyàwó òyìnbó lóun nìkan, ni Sàúdátù bá wé gèlè, ó bá wọn lọ. Yẹ̀kínnì ò lọ. Theophilus bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ òun, kó gbá nínú ọ̀pá òun. Yẹ̀kínnì dúpẹ́, ó ní òun ní táyà láti lẹ̀, ó sì padà sídìí báìsíkù. Kò sí ẹni tó bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá òyìnbó dé pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́rìnlá. Ó wo báàgì kékeré Theophilus, tí Sàúdátù fi aṣọ àga etíkun aláwọ̀ ìlà-ìlà rán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa dẹ́rẹ́bà yọ, ó gbé e sókè dé ẹ̀yìn ọrùn, ó jà á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná. Bọ́ọ̀lù wọ igbó lápá ọ̀tún. Ó gbé òmíràn, ó tún wọ igbó.

Ìgbà yẹn ló yé Theophilus pé ọ̀gá òun kò mọ̀ ọ́n gbá. Ó sọ fún Mabel lẹ́yìn náà pé ara òun fúyẹ́ débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà. Òun fi onígi tirẹ̀ gbá a jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀lù lọ síwájú, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló wà. Ìgbà mẹ́sàn-án ló gbá a kó tó wọ ihò àkọ́kọ́. Ìgbà mọ́kànlá ni ti ọ̀gá.

Ní ihò kẹta, adágún omi kan wà lápá òsì. Sàúdátù ti kúrò nídìí tíì tí àwọn ìyàwó òyìnbó ń mu, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Ó rí i tí ọ̀gá tún ń fa dẹ́rẹ́bà yọ, kò lè pa á mọ́ra.

"Akọ̀wé, ẹ sọ fún un kó dá dẹ́rẹ́bà yẹn padà sínú báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká a."

Òógùn bo Theophilus. "Kí ni obìnrin náà wí?" ni ọ̀gá bi í.

Theophilus túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó pé, "Ó ní òun kí yín, sà. Ó ní ẹ kú eré."

Ọ̀gá tẹríba fún Sàúdátù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbá a, bọ́ọ̀lù kó sómi.

"Mo ti wí i!" ni Sàúdátù kígbe. "Mo ti wí i fún un!"

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Nígbà tí eré kò dùn ún wò mọ́, Sàúdátù wọ igbó lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ó ti ṣa bọ́ọ̀lù mẹ́tàlélógún sínú ìborùn rẹ̀, ti ọ̀gá pọ̀ jù níbẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ dé Mushin, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n, ó pàtẹ wọn, láti ìgbà náà ló sì ti ń ránṣẹ́ lọ ṣa òmíràn nínú igbó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ipò Theophilus kò mì. Gọ́ọ̀fù kọ́ ló mú un dúró. Ó mọ fáìlì tọ́jú ni. Ọ̀gá rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó purọ́, bóyá torí tirẹ̀ náà ń bẹ nílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbá a ní Sátidé títí òyìnbó náà fi padà sílé ní ọdún 1959, kò sì sí èyí tó sàn nínú wọn.

Mabel ló ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ó ní jíjókòó ti tíì ti sú òun. Ó lọ bá Sàúdátù láìsọ fún ọkọ rẹ̀, Yẹ̀kínnì gé ọ̀pá mẹ́rin kúrú fún un, ó tún awọ wọn wé tín-ín-rín torí ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì ń kọ́ ọ lórí yanrìn nígbà tí akọ̀wé bá wà ní ọ́fíìsì. Ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jọ gbá a lọ́jọ́ Àìkú kan, iye ìgbà tó gbá a fi méje dín sí ti ọkọ rẹ̀ ní ihò mẹ́fà, ó sì borí.

Theophilus wá sí Mushin ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ta ọ̀pá fún ìyàwó mi?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò lè sọ fún mi?"

"Oníbàárà mi ni," ni Sàúdátù wí. "Òun kì í gbé orí sókè tó bá ń gbá a. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Bọ́ọ̀lù mélòó lẹ sọ nù lánàá?"

Ó jókòó. Ó gba omi mu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní mẹ́rin ni, Sàúdátù sì nawọ́ sí ibi àtẹ bọ́ọ̀lù pé kó wò ó bóyá yóò dá wọn mọ̀.